Amọ̀nà tó gbé wa lọ síbi tí wọ́n ti ń dá ẹmu lẹ́yìn Abẹ́òkúta: ohun tó dáa ńbẹ̀ àtohun tó bí mi nínú

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fa gbogbo ẹ̀. Cape Town ló ń gbé láti bí ọdún mẹ́wàá, nígbà tó sì ń múra láti wá kí Màámi nílé lóṣù kọkànlá tó kọjá, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá wa sọ lórí Wọ́sáàpù ò ju Stellenbosch lọ, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì nítòsí Cape Town. Ó ní òun àti ìyàwó òun gba amọ̀nà kan, àwọn méjì péré nínú mọ́tò, ó ń gbé wọn láti ọgbà àjàrà kan bọ́ sí òmíì látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń tọ́ wáìnì wò. Ó ní látọdún 1679 nìlú yẹn ti wà, ó ní irú àjàrà kan wà tí wọ́n ń pè ní Pinotage, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló mú oríṣi méjì pọ̀ mọ́ra tí wọ́n fi bí i lọ́dún 1925, ó ṣáà ń sọ ọ́ lọ ni. Mo wá ní, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwa ò lọ́tí tiwa ni? Ẹmu ńkọ́? Bó ṣe di pé èmi ni kí n lọ wá amọ̀nà nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ iye tó gbà torí mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ mọ̀. ₦90,000 fún àwa mẹ́ta, mọ́tò tiẹ̀, epo tiẹ̀, ẹmu tá a máa tọ́ wò wà nínú ẹ̀, oúnjẹ ò sí nínú ẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ tiransífáà ₦50,000. Ọmọkùnrin tí ò tíì pé ogójì ọdún ni, ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí torí mo lẹ́jọ́ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ sì ni, iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ ló ń ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà fún un ni nǹkan tó sọ lórí fóònù. Èmi ní ká gbéra ní aago mẹ́sàn-án, ká ti jẹun, ká ti wẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹmu ò mọ aago mẹ́sàn-án o. Aago márùn-ún ìdájí kẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu géètì." Ara mi bù máṣọ. Ìyẹn ni pé ó mọ ohun tó ń ṣe, torí ẹni kejì tí mo pè ṣáájú ẹ̀, aago mẹ́wàá lòun dá fún mi, ó ní a máa kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Rélùwéè ni ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ wá, ó sọ̀ ní Láderìn níbi tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pe ibùdókọ̀ rélùwéè yẹn, ó gbádùn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ kò sí rélùwéè tó máa gbé yín dé Abẹ́òkúta kílẹ̀ tó mọ́. Tó bá jẹ́ tìtorí ẹmu lẹ ṣe ń bọ̀, ẹ wá sùn mọ́jú.

Ọjọ́ pé. Aago márùn-ún, a ti dúró sẹ́nu géètì ní Pánṣẹ́kẹ́, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá Ìbejì, ìyàwó ẹ̀. Ẹni tó ní ká má pẹ́ ò tíì dé. Aago márùn-ún ààbọ̀, kò sí. Mo pè é, ó ní òun ń ra epo. Ṣé àṣálẹ́ àná ò sí ni? Aago mẹ́fà kù ogún ìṣẹ́jú ló dé, Corolla tó mọ́ tóní, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n mi lórí kọ́ńkéré, ìbínú mi rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n bẹ̀ jàre.

Ọ̀nà Ìbàdàn la gbà, a kọjá Òṣíẹ̀lẹ̀, a dorí kọ ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé òkúta ló kún ibẹ̀, tírélà tó ń kó òkúta fífọ́ ò sì jẹ́ kéèyàn rímú mí, àmọ́ ìdájí dáa, ojú ọ̀nà ṣì ṣófo. Nígbà tó yá a yà kúrò lórí títì, a wọ ọ̀nà eléruku, a rìn ín títí mọ́tò fi ní òun ò lọ mọ́. Ó wá ní ká sọ̀kalẹ̀, pé ẹsẹ̀ ló kù. Kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ o! Ìyá Ìbejì wọ káńfáàsì funfun báláú, ìrì sì wà lórí koríko débi pé nígbà tá a fi máa rin bí ogún ìṣẹ́jú, ṣòkòtò gbogbo wa ti rẹ dé orúnkún. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, bàtà òjò ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́, èmi ni mo ń bá a sọ ọ́.

Àmọ́ látìgbà tá a ti débẹ̀, ẹ má bínú, owó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Bàbá adẹ́mu tó mú wa lọ bá ti gun ọ̀pẹ méjì kí á tó dé, ó dúró de wa pẹ̀lú ẹ̀kẹta torí wọ́n ti sọ fún un pé àlejò ń bọ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Ó fi igbà yí ara ẹ̀ àti igi ká, ó fẹ̀yìn ti igbà, ó ń taari ẹ̀ sókè, ó ń gbẹ́sẹ̀ lé igi, kí n tó yọ fóònù láti fi ya fídíò, ó ti dé òkè. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àwọn tọ̀hún, ilẹ̀ ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi ń ká àjàrà tiwọn." Ó dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ẹ mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn.

Ibi tí mo ti yin amọ̀nà wa nìyí: kò gba ọ̀rọ̀ mọ́ bàbá lẹ́nu. Àwọn amọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló máa ń sọ gbogbo ẹ̀ bí i pé wọ́n ń ka ìwé. Tiwa dákẹ́, ìgbà tí bàbá bá sọ nǹkan tí ò yé wa ló máa ń dá sí i. Bàbá ṣàlàyé fún wa látòkè pé òdòdó akọ tó ń yọ lórí ọ̀pẹ lòun ń gé lẹ́nu, ibẹ̀ lomi ẹ̀ ti ń kán, pé tóun ò bá bẹ́ ojú ọgbẹ́ yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárọ̀, kóun tún padà wá bẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́, ó máa dì, kò ní kán mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń gun igi kan ṣoṣo. Ẹ wá sọ iye igi tó ní. Àti pé kẹ́ẹ̀gì oníke ló ń so mọ́ ọn báyìí, akèrègbè ti di ohun tí wọ́n ń fi han àlejò. Ó ní akèrègbè kan ńlé ṣá, ó ní òun á gbé e wá tá a bá fẹ́ ya fọ́tò. Mo fẹ́ràn òótọ́ inú bàbá yẹn.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó da díẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó bu fún ẹnikẹ́ni. Amọ̀nà wa ní ti Ògún nìyẹn, torí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, Ògún sì fẹ́ràn ẹmu, pé àwọn ọlọ́bàtálá ni kì í fẹnu kàn án ní tiwọn. Ìyá Ìbejì ní tòun náà nìyẹn, pé òun ò mutí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lòun.

Ibi tí amọ̀nà wa ti ṣìnà rèé. Ó ní kí Ìyá Ìbejì mu ún, pé ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ò tíì lọ́tí kankan nínú. Irọ́ ni. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ti wà lókè látalẹ́ àná, omi ń kán sí i ní gbogbo òru, ìgbà tó ti ń kán ló sì ti ń wú, torí ìwúkàrà wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára igi, ó tún wà nínú kẹ́ẹ̀gì fúnra ẹ̀ torí wọn kì í fọ̀ ọ́ kanlẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná ló ń bá tòní ṣiṣẹ́. Ṣúgà tó wà níbẹ̀ ló ń sọ dọtí. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ó wà ńbẹ̀. Ẹni tí ò mutí rárá, ẹ jẹ́ ó mọ ohun tó ń mu. Bàbá fúnra ẹ̀ ló tún un sọ, ó ní, "Ìyàwó, ọtí ni o, ó kàn ṣì jẹ́ ọmọdé ni." Ìyá Ìbejì tọ́ ṣíbí kan wò, ó gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ó gba ahá, ó ń yí i po bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Stellenbosch, ó gbóòórùn ẹ̀, ó mu díẹ̀, ó ń fi yí ẹnu, ó wá ń wo ọ̀tún wo òsì. Bàbá ní kí ló ń wá. Ó ní ibi tóun máa tu ú sí ni. Torí lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, tó o bá tọ́ ọ wò tán wàá tu ú dànù kó má bàa pa ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá wò ó lójú, ó ní, "Ṣé kòkòrò oyin bọ́ sí i ni?" A rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sínú ìrì.

Kí n sọ ibi tó dáa jù ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Amọ̀nà wa ti bá bàbá sọ ọ́ látọjọ́ kan ṣáájú pé kó bá wa tọ́jú díẹ̀ lára tàná. Nítorí náà kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló gbé kalẹ̀ níwájú wa: ti ìdájí yẹn, ti ìrọ̀lẹ́ àná, ti àárọ̀ àná. Igi kan náà o, ọwọ́ kan náà ló dá a. Ti ìdájí dùn bí omi ìrèké, ó ń hó, fọ́ọ̀mù wà lórí ẹ̀. Ti ìrọ̀lẹ́ àná ti ń ta ahọ́n, adùn ẹ̀ ti ń sá lọ. Ti àárọ̀ àná, ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi là! Ó kan, ó le, ó ń rùn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ti wú jù. Bàbá ní èyí lòun fẹ́ràn, pé ti ìdájí, ọtí àwọn obìnrin àtàwọn ará Èkó ni. Tó bá tún fi di ọjọ́ mìíì, ó ń di kíkan pátápátá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́hùn-ún wọ́n lè da wáìnì sínú àgbá fún odindi ọdún, wọ́n á tún rọ ọ́ sí ìgò, wọ́n á tún gbàgbé ẹ̀ sínú yàrá tútù, bó ṣe ń pẹ́ sí i lowó ẹ̀ ń lé sí i. Tiwa nìyí, wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó ti ṣèwe, ó ti dàgbà, ó ti darúgbó. Kò sẹ́ni tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ yín bó ṣe rí lábẹ́ igi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní tẹ́ ẹ bá lowó kẹ́ ẹ gba ẹni tó máa gbé yín débẹ̀, èyí tẹ́ ẹ̀ ń mu nínú ìlú, ìdajì ẹ̀ omi ni, wọ́n á tún fi sakarín bò ó, àmúlà ni.

Láti ibẹ̀ a lọ síbi ògùrọ̀. Ẹ má pe gbogbo ẹ̀ ní ẹmu o, bàbá kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi torí ẹ̀. Ti ọ̀pẹ ló ń jẹ́ ẹmu, igi ògùrọ̀ lọ́tọ̀, inú àbàtà ló ń hù, ewé ẹ̀ gùn lọ bẹẹrẹ. Bàtà Ìyá Ìbejì parí iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni pé igi ògùrọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé ẹ̀, tó bá ti yọ ọ́ tó so tán, ó ń kú lọ nìyẹn. Ìgbà tó fẹ́ yọ òdòdó yẹn gan-an ni wọ́n ń gé e lórí tí wọ́n fi ń gba omi ẹ̀, nítorí náà igi tó o bá dá, o ti dá a tán. Ọ̀pẹ lè dúró kó o tún padà sídìí ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ògùrọ̀ ò ní padà. Lẹ́nu tèmi ó fẹ́lẹ́ ju ẹmu lọ, mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, ẹ̀gbọ́n mi sì ní òun ló dùn jù lójúmọ́ yẹn. Ó mu ahá mẹ́rin, kò béèrè bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ìyàwó bàbá ògùrọ̀ sun iṣu fún wa, ó bu epo pupa àti iyọ̀ sí i, ẹran ọ̀yà yíyan díẹ̀. ₦12,000 fún gbogbo wa pẹ̀lú amọ̀nà, owó ọ̀tọ̀ ni, ó sì yẹ kó ti sọ iye tó máa jẹ́ ká tó kúrò nílé torí kò sí POS nínú igbó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, Ìyá Ìbejì ló ní owó lọ́wọ́. Àmọ́ iṣu yẹn, mo ṣì ń rántí ẹ̀.

Aago mọ́kànlá lù, iṣẹ́ tá a torí ẹ̀ jáde ti parí. Ká ní ó dá wa padà sílé nígbà yẹn, èmi ni mi ò bá máa polówó ẹ̀ kiri Abẹ́òkúta. A ra kẹ́ẹ̀gì ẹmu lítà márùn-ún kan fún Màámi, ₦3,000, ti ìdájí yẹn náà ni, amọ̀nà wa gbà á, ó dé e pa, ó gbé e sínú búùtù. Ẹ rántí pé ó dé e pa.

Ó wá ní ó ku Olúmọ. Mo ní Olúmọ kẹ̀? Ọmọ Abẹ́òkúta ni wá, látìgbà tá a ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wá lọ síbẹ̀. Ó ní ó wà nínú ètò, pé gbogbo ọjọ́ la sanwó fún. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti mu ògùrọ̀, gbogbo nǹkan ló ń gbà. Bá a ṣe lọ nìyẹn. Mi ò ní fàkókò yín ṣòfò lórí ẹ̀, òkúta ńlá ni, mítà 137 ló fi ga ju òkun lọ, abẹ́ ẹ̀ làwọn bàbá wa sá sí nígbà ogun, ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ fẹ́ni tí ò bá lè gun àtẹ̀gùn. Ibi tó dáa ni fún àlejò. Àmọ́ ta ló ń gun òkúta ní aago méjì ọ̀sán, tòun ti ẹmu nínú?

A ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ ló ní ká yà sí Ìtòkú, ó ní òun mọ ẹnì kan tó ń ta àdìrẹ tó dáa. Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Bá a ṣe wọlé, ìyá tó ń tajà wo ẹ̀gbọ́n mi, ó gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó fi nǹkan bí ìdajì lé owó aṣọ. Ìtòkú tí mò ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Mo bá a fọ Ẹ̀gbá, ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín, ó dín in. Amọ̀nà wa ń wo fóònù ní tiẹ̀. Wọ́n máa ń fún wọn lówó ẹ̀yìn, mi ò bínú sí i, gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ń ṣe é ní Stellenbosch náà. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ Abẹ́òkúta ló fẹ́ ta àdìrẹ fún lówó àlejò.

Ìgbà tá a máa délé, aago mẹ́fà kọjá. Ó ṣí búùtù. Òórùn ló kọ́kọ́ kí wa. Kẹ́ẹ̀gì tó dé pa yẹn, tó ti wà nínú oòrùn láti aago mọ́kànlá, ẹmu ti hó títí ó fi ju ọmọrí dànù, ó ti da sára gbogbo nǹkan, sára báàgì ẹ̀gbọ́n mi, sára àdìrẹ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ìwọ tó ò ń gbé èèyàn lọ sídìí ẹmu láti bí ọdún mélòó, ìwọ lo dé ẹmu pa? Gbogbo ẹni tó ń ta ẹmu ló mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ihò sílẹ̀ fún un kó fi mí ni. Ó ń fọwọ́ họrí. Kò bẹ̀ wá tán tó fi ní ká fún òun ní ₦5,000 kóun fi fọ mọ́tò. Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi ti yọ owó fún un. Àwọn tó ń gbé òkè òkun yìí máa ń ba ọjà jẹ́.

Èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì ò kún ife méjì. Màámi fi tọ́ ẹnu, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ní, "Èyí ti kan. Níbo lẹ gbé e gbà?" Ẹ̀gbọ́n mi ní Olúmọ ni. Wọ́n ní, "Ta ló ń gbé ẹmu lọ Olúmọ?"

Tẹ́ ẹ bá bi mí, máa tún pè é, torí mi ò tíì rí ẹlòmíì tó mọ àwọn bàbá yẹn bó ṣe mọ̀ wọ́n, ètò kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta yẹn nìkan tó owó. Àmọ́ mi ò tún ní sanwó odindi ọjọ́ mọ́. Mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá torí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo ní ká jáde láago márùn-ún, kó dá wa padà ká tó lu aago kan ọ̀sán, kò sí Olúmọ, kò sí Ìtòkú, èló ni. Ó ṣe hẹn-hẹn, hẹn-hẹn, ó ní ₦60,000. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń dé kẹ́ẹ̀gì.